Gbígbé bàlúù kékeré àti títú u sílẹ̀ lójú òfuurufú nínú Kerbal Space Program

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe Kerbal Space Program, eré kọ̀ǹpútà tí a ti ń kan ọkọ̀ òfuurufú tí a sì ń fò ó, ní Ilé-Ifẹ̀, ìlú tí ibùdó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú fún Áfíríkà wà láti ọdún 1998 nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé kò ṣòro kí ọkọ̀ ńlá gbé bàlúù kékeré gòkè. Ìgbà tí a bá fẹ́ tú u sílẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń kọlu ara wọn. Lójú tèmi, inú ilé ìkànkọ̀ ni ìkọlù bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ló yẹ kí a ti lo àkókò wa jù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kan bàlúù kékeré náà lọ́tọ̀ ní Spaceplane Hangar, ilé ìkànkọ̀ tí a ti ń kan bàlúù nínú eré náà, kí ẹ sì fò ó lóun nìkan títí ó fi gbéra tí ó sì balẹ̀ láìsí wàhálà. Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún ọkọ̀ ńlá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbọ́dọ̀ ní ibi ìjókòó awakọ̀ tirẹ̀, tàbí ẹ̀rọ ìdarí tí kò nílò awakọ̀ pẹ̀lú bátìrì tó tó, nítorí èyí tí kò bá ní olùdarí yóò di pàǹtí lójú òfuurufú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ọkọ̀ ńlá, ẹ lọ síbi tí a ti ń yan ọkọ̀, ẹ tọ́ka sí bàlúù kékeré, kí ẹ sì tẹ Merge. Ẹ̀yà ara bàlúù tí yóò kan ọkọ̀ ńlá ni kí ẹ ti fi ṣe gbòǹgbò rẹ̀ (root, ẹ̀yà tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́) ṣáájú. Bọ́tìnnì 4 ni a fi ń yí gbòǹgbò padà.

Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ó gba sùúrù jù. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ ó rí lára ọkọ̀ ń fi àárín ìwúwo hàn, èyí tí ó ní àwọ̀ búlúù sì ń fi àárín agbára tí apá ọkọ̀ fi ń gbé e sókè hàn. Aláwọ̀ búlúù gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn oníyeyè díẹ̀, kì í ṣe nígbà tí àwọn méjèèjì so pọ̀ nìkan, ṣùgbọ́n fún ọkọ̀ ńlá nígbà tí ẹrù ti kúrò lára rẹ̀, àti fún bàlúù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá ṣàdédé gbé ẹrù kúrò ní apá kan orí alárù ní Ọjà Odò-Ògbè, ọrùn rẹ̀ yóò yẹ̀. Ohun kan náà ni yóò ṣe ọkọ̀ tí a so bàlúù mọ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ jù. Abẹ́ àárín ìwúwo ọkọ̀ ńlá gan-an ni kí ẹ gbé e sí. Òótọ́ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà so X-15, bàlúù ìwádìí kékeré kan, mọ́ abẹ́ apá ọ̀tún B-52, bàlúù ogun ńlá, tí wọ́n sì fò ó ní ìgbà 199 láàárín ọdún 1959 sí 1968, ṣùgbọ́n B-52 tóbi púpọ̀ ju ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ tún wò ó dáadáa kí ẹ̀yà ara bàlúù má wọnú ẹ̀yà ara ọkọ̀ ńlá. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì jẹ́ ọkọ̀ kan, eré náà kò ní bìkítà. Ní kété tí wọ́n bá di méjì, wọn yóò bú gbàmù.

Ẹ tún lè gbé bàlúù sórí ọkọ̀ dípò abẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ti gbé Enterprise, ọkọ̀ òfuurufú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe ìdánwò, sórí Boeing 747 ní ọdún 1977. Nígbà náà, imú bàlúù gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ ju ti ọkọ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e kúrò nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òòfà ilẹ̀ ni yóò ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní decoupler máa ń ti bàlúù kúrò, kì í sì í jẹ́ kí epo kọjá láti ọkọ̀ kan sí èkejì àfi tí a bá yí i padà. Docking port, ẹnu ìsopọ̀ tí a lè tú kí a sì tún so, kì í fi bẹ́ẹ̀ ti nǹkan, ó sì máa ń jẹ́ kí epo kọjá. Tí ó bá jẹ́ òun ni ẹ lò, ẹ ti táǹkì bàlúù pa kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá má baà mu epo rẹ̀ tán kí ẹ tó débi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì rántí ṣí i. Ẹ fi ẹ́ńjìnnì bàlúù sí ìpele (stage, ohun tí yóò ṣiṣẹ́ nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ Space) tó tẹ̀ lé ti ìtúsílẹ̀. Bọ́tìnnì G yóò ká táyà àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ti bàlúù láti ṣí àti láti pa dé.

Nígbà tí ẹ bá dé nǹkan bíi kìlómítà 8 sókè, ẹ tẹ F5 láti fi eré pamọ́, pàápàá tí iná bá ń lọ tí ó ń bọ̀. Ẹ dá àkókò padà sí bí ó ṣe yẹ kó máa lọ tí ẹ bá ti mú un yára, ẹ tan SAS, ẹ̀rọ tí ń mú kí ọkọ̀ dúró ṣinṣin, kí ẹ gbé imú ọkọ̀ sókè ní nǹkan bíi dígírì 5, kí ẹ tó tẹ Space. Ẹ má ṣe dorí ọkọ̀ kodò lásìkò yìí, nítorí bàlúù kò ní já bọ́ kúrò. Yóò máa léfòó mọ́ abẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kọlù ú. Ẹ rọra fa ọkọ̀ ńlá sókè, ẹ tẹ bọ́tìnnì ] láti bọ́ sínú bàlúù, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ lè wà lẹ́ẹ̀kan, èyí tí ẹ fi sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó nípọn yóò sì parẹ́ tí ó bá jìnnà sí yín ju nǹkan bíi kìlómítà 22 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọkọ̀ ńlá padà gbọ́dọ̀ ti so páráṣúùtì mọ́ ọn. Nígbà tí bàlúù bá ti ń fò dáadáa, ẹ padà sínú ọkọ̀ ńlá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ẹ jẹ́ kí eré rẹ̀ rọlẹ̀ kí ẹ tó ṣí páráṣúùtì, lẹ́yìn náà kí ẹ máa fi bàlúù yípo nítòsí títí ọkọ̀ ńlá yóò fi fẹsẹ̀ kan ilẹ̀.