Bí mo ṣe yan síkéèlì fún láàbù kan l'Óṣogbo, tí mo sì ṣe CAL (fífi irin ìwọ̀n tún kíkà rẹ̀ ṣe) fún un

Kí n tó wo síkéèlì kankan, mo kọ ohun tí láàbù náà ń wọ̀n sílẹ̀. Àwọ̀ Giemsa tí wọ́n fi ń wo ibà: gíráàmù 3.8 ìyẹ̀fun rẹ̀, mílílítà 250 methanol, mílílítà 250 glycerol. Buffer (omi tí kíkan rẹ̀ kì í tètè yí padà) tí wọ́n fi ń là á: KH₂PO₄ gíráàmù 0.7 àti Na₂HPO₄ gíráàmù 1.0 nínú lítà omi kan. Glucose fún standard (omi tí a mọ iye ṣúgà inú rẹ̀) àyẹ̀wò ṣúgà: gíráàmù 1 nínú mílílítà 100 omi benzoic acid. Èyí tó kéré jù ni a fi ń yan síkéèlì, kì í ṣe èyí tó tóbi jù.

Síkéèlì tó ń ka gíráàmù 0.01 ni ọ̀pọ̀ máa ń rà, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò. Ojú rẹ̀ á kọ 0.70, ènìyàn á rò pé ó ti parí. Kò tíì parí o. Nínú USP, ìwé ìlànà òògùn Amẹ́ríkà, orí 41, bí síkéèlì ti wù kó dára tó, ohun tó kéré jù tó lè wọ̀n láìṣì jẹ́ ìlọ́po 820 ìdá ìkẹyìn tó ń kà. Fún 0.01, gíráàmù 8.2 nìyẹn; fún 0.001, gíráàmù 0.82, fún 0.0001, gíráàmù 0.082. Àwọ̀ ibà àti buffer rẹ̀ kò nílò ìdájú tó le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n standard ṣúgà nílò rẹ̀. Mo mú 0.001, tó ń gbé gíráàmù 220, tó ní ilẹ̀kùn gíláàsì. Onídá mẹ́rin (0.0001) dára lóòótọ́, àmọ́ nínú yàrá tí fáànù ti ń fẹ́, nọ́ńbà rẹ̀ kì í dúró.

Mo gbé e sórí pèpéle símẹ́ǹtì ní kọ̀rọ̀, ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti ẹ̀rọ centrifuge. Mo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ìhó inú gíláàsì kékeré fi wà láàárín gan-an. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi jẹ́ kó móoru. Bí iná bá lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, ìdí nìyẹn tí mo fi so ó mọ́ UPS.

Ọ̀pọ̀ kì í ṣe CAL nítorí pé ẹ̀rọ tuntun ni. Àṣìṣe ńlá ni. Agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan jẹ́ nǹkan bíi 9.81 m/s² ní Jámánì, 9.78 níbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe CAL fún lọ́hùn-ún yóò ka gíráàmù 200 sí nǹkan bíi 199.4.

Irin ìwọ̀n gíráàmù 200 ni mo lò, ti ìpele ìdájú tí wọ́n ń pè ní F1. Àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ. Ti ìpele M1 tó dínwó lè fi mílígíráàmù 10 ṣì. Mo fi irin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ síkéèlì fún wákàtí kan, mo fi ẹ̀mú gbé e (òógùn ọwọ́ ń kún ìwọ̀n), mo tẹ CAL, mo gbé e sáàárín, mo ti ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, mo fi irin mìíràn, gíráàmù 100, yẹ̀ ẹ́ wò: ní àárín, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ní ìgbà mẹ́wàá léraléra. Kíkà tó ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé ohun tí a gbé sí i ṣì gbóná: afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbé e sókè, bó sì ṣe ń tutù ni ìgbésókè náà ń dínkù. Nígbà ọyẹ́, ike máa ń fa ìyẹ̀fun mọ́ra, nọ́ńbà á sì máa sáré. Abọ́ gíláàsì ni kí ẹ lò.

Láràárọ̀ a máa ń kọ ohun tó kà fún irin 100 sínú ìwé. Bó bá ju 100.003 lọ tàbí tí kò tó 99.997, a kì í sáré tẹ CAL: ìhó, ìdọ̀tí abẹ́ àwo àti fáànù la kọ́kọ́ ń wò.