Bí a ṣe ń sọ ìwé ìtàn ọmọ tó dàgbà nílé ẹlẹ́sìn di fíìmù

Kọ́kọ́ gba àṣẹ lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀tọ́ lórí ìwé náà. Ojú ewé kan nínú ìwé eré, ìyẹn ìwé tí a máa fi ya fíìmù náà, máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán, nítorí náà má jẹ́ kó kọjá ojú ewé 120. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà bá pọ̀ jù nínú ìtàn, pa méjì pọ̀ di ẹyọ kan.

Iyèméjì ọmọ náà nípa ẹ̀sìn ló máa ń ṣòro jù láti fi hàn. Inú ọkàn ló wà nínú ìwé. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ fún ohùn asọ̀tàn, fíìmù á di ìwé kíkà. Fi ìṣe gbé e jáde: bàbá gbàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín, ètè ọmọ ò mì. Ìyá rí i, kò sọ nǹkan kan.

Má sì sọ bàbá di ìkà o! Bí kò bá fẹ́ràn ọmọ náà, ta ni ìyapa wọn máa dùn?