Bí a ṣe ń dán ewé àtọ̀gbẹ wò ní yàrá àyẹ̀wò

Kí ẹ tó lọ ewé kankan, ẹ mọ ohun tí ẹ mú dání. Igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ já ẹ̀ka tó ní òdòdó tàbí èso, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín bébà títí yóò fi gbẹ, kí onímọ̀ ewéko wò ó kó sì fún un ní orúkọ Látìnì àti nọ́ńbà. Ejìnrìn, bí àpẹẹrẹ, á di Momordica charantia.

Ibòji ni kí ẹ sá a sí títí yóò fi máa rún lọ́wọ́. Èyí tí kò gbẹ dáadáa yóò bu, nǹkan mìíràn á sì dà pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ fẹ́ dán wò. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ rẹ 100 g sínú lítà kan ethanol (ọtí líle) 70% fún wákàtí 48. Àmọ́ bó bá jẹ́ àgbo sísè ni aláìsàn ń mu, ẹ sè é bẹ́ẹ̀. Omi lásán tí a fi rẹ ewé fún ọjọ́ méjì nínú ooru á kan. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fẹ́ ẹ gbẹ ní ooru tí kò ju 40°C lọ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dé e pinpin. Èyí ni a ó máa pè ní oje.

Ẹnsáímù ló kàn. Alpha-glucosidase ló ń gé ẹ̀wọ̀n ṣúgà kéékèèké nínú ìfun di glúkóòsì; a fẹ́ mọ̀ bóyá oje lè dí i lọ́wọ́. Ẹ po oje pọ̀ mọ́ ọn ní pH 6.8 àti 37°C fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tó fi pNPG sí i, èròjà tó máa ń yọ àwọ̀ yẹ́lò bí ẹnsáímù bá gé e. Omi yóò pọ́n bí yẹ́lò; bí oje bá ń dí ẹnsáímù lọ́wọ́, àwọ̀ náà kò ní pọ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ kà á ní 405 nm. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Oje ewé fúnra rẹ̀ ní àwọ̀, nítorí náà gbogbo ìwọ̀n oje gbọ́dọ̀ ní ìgò tirẹ̀ tí kò ní ẹnsáímù, kí ẹ yọ iye rẹ̀ kúrò. Tannin, èròjà kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ewé, ńkọ́? Ó máa ń di mọ́ protein èyíkéyìí, á wá dà bíi pé oje lágbára. Ẹ fi PVPP, ìyẹ̀fun tó ń di tannin mú, fà á kúrò, kí ẹ tún un ṣe. Bí agbára náà bá pòórá, tannin ni. Ẹ má sì yára kọ ọ́ pé oje yín ju acarbose, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń dí ẹnsáímù yìí lọ́wọ́, lọ: acarbose kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ẹnsáímù tó wá láti ara ìwúkàrà lọ́wọ́. Ẹ lo ti ìfun eku.

Ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó lílo ẹranko kí ẹ tó kan eku. Ẹ kọ́kọ́ yẹ májèlé wò, tó fi dé 2000 mg/kg, ẹ máa wò wọ́n fún ọjọ́ 14. Streptozotocin, èròjà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe insulin kí eku lè ní àtọ̀gbẹ, kì í pẹ́ bàjẹ́: inú citrate buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí) tútù, pH 4.5, ni kí ẹ ti pò ó, kí ẹ gún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 50 mg/kg sínú ikùn eku tó ti gbààwẹ̀ mọ́jú. Insulin máa ń tú jáde lójijì lára sẹ́ẹ̀lì tó ń kú, ṣúgà á já wálẹ̀, eku á sì kú kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi omi glúkóòsì 5% sí àgò wọn lóru ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn wákàtí 72, èyí tí ṣúgà rẹ̀ bá ju 250 mg/dL lọ ni kí ẹ mú.

Ẹ pín wọn ní mẹ́fà-mẹ́fà: aláìlárùn, alárùn tí kò gba oògùn, alárùn tó ń gba oògùn àtọ̀gbẹ glibenclamide 5 mg/kg, alárùn tó ń gba oje ní ìwọ̀n mẹ́ta, àti aláìlárùn tó ń gba oje. Ọjọ́ 28 ni. Ẹ máa wọn oúnjẹ wọn lójoojúmọ́. Oje tó bá da inú eku rú kò ní jẹ́ kó jẹun, ṣúgà á wálẹ̀, ebi ló sì fà á. Bẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹgbẹ́ kan kún un tí kò ní gba oje, tó jẹ́ pé ìwọ̀n oúnjẹ tí àwọn wọ̀nyẹn jẹ gan-an ni yóò máa jẹ.