Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Ìdásílẹ̀ Owó Orí fún Ilé Onífúláàtì Púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Washington

Láti ọdún 1995 ni òfin Ìpínlẹ̀ Washington, ní Amẹ́ríkà, ti gba àwọn ìlú láyè láti dá ilé onífúláàtì púpọ̀ sílẹ̀ kúrò nínú owó orí tí wọ́n ń san lórí ohun-ìní, kí àwọn akọ́lé lè máa kọ́lé sí àárín ìgboro dípò kí ìlú máa fẹ̀ wọ inú igbó. Orí 84.14 nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí i. Ìpínlẹ̀ ló ṣòfin, ìlú ló ń fọwọ́ sí ìwé, kántì, ìyẹn ìjọba àgbègbè tí ìlú wà nínú rẹ̀, ló ń díye lé ohun-ìní.

Ilé tuntun tí ẹ kọ́ fún ìgbé nìkan ni wọ́n dá sílẹ̀. Ilẹ̀ ṣì ń san tirẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ náà ń san. Ká ní ilẹ̀ tó mílíọ̀nù 2 dọ́là, ilé orí rẹ̀ tó mílíọ̀nù 10, ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mílíọ̀nù 1 nínú rẹ̀, owó orí sì jẹ́ dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún. Láìsí ìdásílẹ̀, 120,000 dọ́là ni lọ́dún. Bí ẹ bá rí i gbà, 30,000. Ẹni tó bá kọ òdo fún owó orí sínú ìṣirò tó gbé lọ fún báńkì ti kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Bó bá jẹ́ ilé àtijọ́ lẹ ń tún ṣe, iye tí ilé náà ní kí ẹ tó fi ìbéèrè sílẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n dá sílẹ̀.

Kí ẹ tó san owó fún ayàwòrán ilé, ẹ lọ wo máàpù ìlú. Àdúgbò tí ìgbìmọ̀ ìlú ti yàn fún ètò yìí nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀, òpópónà kan ṣoṣo sì lè jẹ́ ààlà. Fúláàtì tuntun gbọ́dọ̀ tó mẹ́rin ó kéré tán, ó kéré tán ìdajì àyè ilé náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ibùgbé pípẹ́, kì í ṣe ti àlejò tó ń sùn ọjọ́ méjì lọ.

Ẹ wá yan iye ọdún tí ìdásílẹ̀ yín yóò fi wà. Fún ọdún 8, òfin ìpínlẹ̀ kò fi ààlà sí owó ilé, àmọ́ ìlú lè fi tirẹ̀ kún un. Fún ọdún 12, ó kéré tán ìdá 20 nínú 100 àwọn fúláàtì gbọ́dọ̀ wà fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré tàbí tó mọ níwọ̀n. Ti ọdún 20 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan nínú ọ̀nà rẹ̀ ni pé kí ìdá 25 nínú 100 lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe fún èrè, tí yóò rí i pé owó ríra wọn kò ní wọ́n jù láé.

Ọdún 12 yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Òfin ní ilé gbígbé kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìdílé lóṣù, iná àti omi sì wà nínú rẹ̀. Fóònù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ìdílé tí 5,000 dọ́là ń wọlé fún lóṣù kò gbọdọ̀ san ju 1,500 lọ. Bí iná àti omi bá jẹ́ 150, 1,350 ni ẹ lè gbà. Ẹni tó gba 1,500, tó tún ní kí ayálégbé lọ sanwó iná fúnra rẹ̀, ti rú àdéhùn.

Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀ kí ìwé àṣẹ ìkọ́lé tó jáde. Ìlú ní 90 ọjọ́ láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní 30 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ìgbìmọ̀ ìlú. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ó bá ìlú tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, wọn yóò sì fún yín ní ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí i ni ọdún mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ilé gbọ́dọ̀ parí láàárín rẹ̀. Wọ́n lè fi oṣù 24 kún un bí ìdí bá wà, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí owó báńkì kò bá tíì súnmọ́lé, ẹ má sáré fi ìbéèrè sílẹ̀.

Bí ilé bá parí, ẹ kó ìwé ìnáwó, àlàyé iṣẹ́ tí ẹ ṣe, àti ẹ̀rí pé ó parí lásìkò lọ fún ìlú. Láàárín 30 ọjọ́ ni wọ́n yóò pinnu, lẹ́yìn náà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́wàá láti fi ìwé ẹ̀rí ìkẹyìn ránṣẹ́ sí adíyelé ohun-ìní ti kántì. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìdásílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé tó bá jáde ní oṣù Kejìlá 2026 bẹ̀rẹ̀ ní 2027. Èyí tó jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan péré, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2027, di 2028. Iye ọdún yín kò dín, àmọ́ ẹ ó san owó orí kíkún ní ọdún tí ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ayálégbé, ìgbà tí ọwọ́ le jù. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kó di ìparí oṣù Kọkànlá kí ìwé yín tó dé ọ́fíìsì ìlú.

Lọ́dọọdún, láàárín 30 ọjọ́ lẹ́yìn àyájọ́ ìwé ẹ̀rí, ẹ ó jábọ̀ fún ìlú: fúláàtì mélòó ló ní èèyàn, mélòó ló ṣófo, kí lẹ yí padà. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ilé náà di nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún adíyelé láàárín 60 ọjọ́. Owó orí tí ẹ kò san yóò padà wá pẹ̀lú èlé àti ìtanràn ìdá 20 nínú 100, yóò sì di gbèsè lórí ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kó béèrè gbogbo àbọ̀ ọdọọdún kó tó sanwó.

Fún ìdásílẹ̀ ọdún 12 tí wọ́n gbà lẹ́yìn oṣù Keje 2021, nígbà tí ó bá parí, onílé gbọ́dọ̀ fún ayálégbé tó bá yẹ ní owó ìkólọ tó tó owó ilé oṣù kan. Ẹ kọ ọ́ sínú ìṣirò yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́.