Bí Ẹ Ṣe Lè Tú Ẹ́ńjìnnì Alùpùpù, Kí Ẹ sì Tún Un Ṣe Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi alùpùpù kó ẹ̀gẹ́, kòkó àti àpò gààrí láti oko wá sọ́jà la kọ èyí fún, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń rú èéfín, tí kò sì lè gun òkè mọ́. Ẹ́ńjìnnì irú CG125 la ó fi ṣàpẹẹrẹ. Honda ló gbé e jáde ní 1976, àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà sì ti ṣe irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó rọrùn láti tú: bílọ́ọ̀kì kan ni (ihò irin tí písítìnnì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀), atẹ́gùn ló ń tù ú, ọ̀pá tín-ín-rín méjì ló sì ń ṣí fáàfù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlẹ̀kùn kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí èéfín sì ń gbà jáde. Bí tiyín bá jẹ́ irú mìíràn, ẹ wo ìwé tó bá a wá fún àwọn òǹkà rẹ̀.

Ẹ má tíì mú sípánà

Ẹ kọ́kọ́ wo èéfín. Bó bá dúdú, bẹntiróòlù ló pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Ẹ yẹ fílítà atẹ́gùn àti kábúrétọ̀ (ibi tí bẹntiróòlù ti ń pò mọ́ atẹ́gùn) wò, ẹ má tú ẹ́ńjìnnì rárá. Bó bá ní àwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó ń yọ láàárọ̀ nìkan, tó sì ń dáwọ́ dúró láìpẹ́, rọ́bà ìdí fáàfù ló sábà máa ń fà á. Èyí tó ń yọ ṣáá, pàápàá tí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ríǹgì, òrùka irin ara písítìnnì, ni kí ẹ fura sí.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ihò rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ ta kíìkì. Bí kíìkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríǹgì tàbí bílọ́ọ̀kì ló ti jẹ. Bí kò bá yí padà, fáàfù ni kò padé dáadáa. Ẹ wọn àlàfo fáàfù (àyè tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í) nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.08 mìlímítà ló yẹ kó jẹ́. Àwọn mìíràn ti ra písítìnnì tuntun nígbà tó jẹ́ pé àlàfo yìí nìkan ló há.

Eruku ni ọ̀tá

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Lójú ọ̀nà oko wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, eruku pupa ló ń jẹ ríǹgì ju ọjọ́ orí lọ. Àwọn kan máa ń yọ fílítà dànù pé kí alùpùpù lè sáré. Yanrìn tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò máa ha bílọ́ọ̀kì títí yóò fi gbòòrò. Bí ẹ bá fi owó ńlá tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí fílítà ṣì ya, iṣẹ́ yẹn náà lẹ ó tún padà ṣe láìpẹ́. Nítorí náà, ẹ ra fílítà kí ẹ tó ra ríǹgì.

Títú u

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ara ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ṣí i. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ ọ́ nínú ilé. Oru rẹ̀ lè gba iná láti ibi ààrò tó jìnnà. Ẹ da ọ́ìlì jáde nígbà tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì, irin róbótó tó ń yí ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, títí àmì T ara rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú àmì ara ẹ́ńjìnnì, tí fáàfù méjèèjì yóò sì tú lọ́wọ́.

Ẹ lu ihò sára páálí, kí ẹ to bóòtì sí i bí wọ́n ṣe ń jáde. Ọ̀pá méjèèjì náà, ẹ má pààrọ̀ àyè wọn. Ẹ tú nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀, láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Bí orí náà bá lẹ̀, ẹ fi igi gbá a jẹ́jẹ́. Ẹ má fi irin ṣóńṣó há a lójú ìpàdé. Gbàrà tí bílọ́ọ̀kì bá kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu ìsàlẹ̀, kí ohunkóhun má bàa já sínú.

Ẹ di ọ̀pá tó gbé písítìnnì mú, kí ẹ fà á sókè, kí ẹ tì í sísàlẹ̀. Kò burú bó bá ń mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń mì lókè-nílẹ̀, kíráǹkì, irin ńlá tí ọ̀pá yìí ń yí nísàlẹ̀, ti jẹ nìyẹn, iṣẹ́ ilé parí síbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀.

Wíwọ̀n ríǹgì

Ẹ fi ríǹgì nìkan sínú bílọ́ọ̀kì, kí ẹ fi orí písítìnnì tì í wọlé kó lè dúró gbọọrọ. Ẹ fi géèjì pẹlẹbẹ (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Láàárín 0.15 sí 0.35 mìlímítà dára. Bó bá ti kọjá 0.5, ó ti parí. Bí ríǹgì tuntun náà bá kọjá bẹ́ẹ̀, bílọ́ọ̀kì ló gbòòrò, wọn yóò sì ní láti fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ. Písítìnnì tó fi 0.25, 0.50, 0.75 tàbí 1.00 mìlímítà tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wà. Ẹ ra písítìnnì ná, kí ẹ gbé e dání lọ, kí wọ́n fi ṣe ìwọ̀n. Ní Ìbàdàn, ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate ni ọ̀pọ̀ ti ń ra irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀.

Títò ó padà

Bílọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́, omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Kẹrosíìnì kì í kó gbogbo ẹ̀tù irin kúrò. Ẹ máa fi aṣọ funfun nù ún títí kò fi ní dúdú mọ́, kí ẹ fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀ kó má dípẹtà. Ẹ fi ọparun pẹlẹbẹ ha èédú orí ẹ́ńjìnnì, irin yóò dá a lọ́gbẹ́.

Àmì ara ríǹgì máa ń kọjú sókè, ẹ sì pín ẹnu wọn káàkiri, kí wọ́n má bára wọn mu. Bí ọfà bá wà lórí písítìnnì, ìhà sàlẹ́ńsà ló máa ń kọjú sí. Gásíkẹ́ẹ̀tì (pépà tó ń dí ojú ìpàdé) àti kílíìpù tó di píìnì písítìnnì mú gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ fún nọ́ọ̀tì láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́, ní ìpele mẹ́ta. Ẹ tún àlàfo fáàfù ṣe, ẹ ṣe àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì sí 0.6 sí 0.7 mìlímítà, ẹ da ọ́ìlì bí lítà kan, kí ẹ fi ọ̀pá òṣùwọ̀n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ta kíìkì nígbà mélòó kan láìfi púlọ́ọ̀gì sí i, kí ọ́ìlì lè gòkè.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan án, nítorí èéfín rẹ̀ nínú yàrá títì ń pa ènìyàn. Fún 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má fi kó ẹrù wúwo, ẹ má sì fún un níná dópin. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ẹ tún wọn fáàfù nígbà tó bá tutù. Ọ́ìlì tí ẹ dà jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ni kí ó wà, jìnnà sí kànga àti ebè ẹ̀fọ́.