Ọsàn Tí Kò Fẹ́ Rì

Nígbà ìsinmi, mo kó ọmọ mẹ́sàn-án jọ sí àgbàlá wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àwọn ọmọ ọdún 5 sí 7. Ọ̀kan nínú wọn kì í ríran, ọ̀kan kì í gbọ́rọ̀, ọ̀kan ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Mo fẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wádìí ìdí tí nǹkan kan fi ń léfòó tí òmíràn sì ń rì.

Lọ́jọ́ kìíní, ilẹ̀ ni mo gbé bàsíà omi sí. Mò ń ju nǹkan sínú rẹ̀, mò ń ṣàlàyé. Ẹ̀yìn orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ọmọ orí kẹ̀kẹ́ ń wò. Bí wọ́n bá pariwo tán ni ọmọbìnrin tí kì í ríran á tó béèrè pé, "Àǹtí, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó dùn mí wọra. Èmi nìkan ni mo ṣe iṣẹ́ ìwádìí lọ́jọ́ yẹn. Ìran ni wọ́n wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo yá tábìlì tí kẹ̀kẹ́ ọmọ náà lè wọ abẹ́ rẹ̀. Bàsíà mẹ́ta, ọmọ mẹ́ta sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo we àkísà mọ́ ọwọ́ asẹ́ kí ó nípọn, kí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè dì í mú dáadáa. A ní òkúta, ṣíbí irin, ọsàn àti igbá kékeré (ugbá ni wọ́n ń pè é nílé). Òfin wa ni pé nǹkan kan ò gbọdọ̀ wọ omi títí gbogbo wọn á fi fọwọ́ kàn án, tí kálukú á sì fi àtàǹpàkò dìbò: sókè bó bá máa léfòó, sílẹ̀ bó bá máa rì. Ẹni tí kì í ríran ń fọwọ́ ka ìbò àwọn yòókù. N kì í sọ̀rọ̀ bí mo bá ń ṣe nǹkan lọ́wọ́. Màá ṣe é tán, màá kọjú sí ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀, kí n tó sọ̀rọ̀.

Ọsàn tí a kò bó léfòó. Mo ní èyí tí a bá bó á rì. Mo fi ọ̀bẹ bó o bí àwọn ọlọ́sàn ṣe ń bó o, tí funfun ara rẹ̀ á kù. Ó tún léfòó! Mo dákẹ́. Ọmọbìnrin tí kì í ríran gbà á, ó ń tẹ̀ ẹ́. "Àǹtí, ara rẹ̀ rọ̀ bíi fóòmù."

Afẹ́fẹ́ ló wà nínú funfun yẹn, òun ló ń gbé ọsàn ró. A fi èékánná họ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku awẹ́ nìkan. Ọsàn náà rì, ọwọ́ ọmọ náà tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀ bàsíà, òun ló sì kọ́kọ́ pariwo. Funfun tí a họ dà sómi kò rì.

Mo ti fẹ́ máa da omi nù (n kì í fi omi sílẹ̀ níbi tí ọmọdé bá wà) nígbà tí ọmọ tí kì í gbọ́rọ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. Ó gbé ọsàn tó rì sínú igbá, ó gbé igbá náà lé omi. Kò rì. Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ sókè, ó sì tẹjú mọ́ mi, ó ń retí àlàyé.