Bí a ṣe ń tún inú ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ṣe nígbà tí ojú abẹ kò tíì jinná

Ọkọ̀ fáíbà kan wà lábẹ́ tapólì nínú ọgbà wa ní Ẹlẹ́yẹlé, n'Íbàdàn. Ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì Yamaha ló wà nídìí rẹ̀, Ìkòròdú ni mo ti rà á ní àlòkù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra àtúnṣe inú rẹ̀ ni àìsàn dé, wọ́n gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n la ikùn mi. Nígbà tí mo padà délé, tí àwọn aládùúgbò rí mi tí mò ń fi ọ̀pá yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n ní bàbá yìí ti ń múra de omíyalé. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tàbí èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, kò ní fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Adágún omi Aṣèjíré ni mo fẹ́ gbé tèmi lọ ní tèmi, kí n máa fi dẹ ẹja.

Ìdajì iṣẹ́ yìí jẹ́ wíwọ̀n, gígé páálí, yíyan ọjà àti dídúró kí nǹkan gbẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò lè ṣe ìdajì yẹn lórí àga. Ìdajì tó kù, ẹ gbé e fún ẹni tí wọn kò rán níkùn.

Ọ̀rọ̀ dókítà kọ́kọ́

Ẹ má kàn bi dókítà pé ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́. Á ní kí ẹ máa rọra ṣe é, ẹ ó sì túmọ̀ "rọra" sí ohun tó bá wù yín. Ẹ là á sílẹ̀ fún un: mo fẹ́ gun ọkọ̀ tó ga dé àyà mi, mo fẹ́ gbé pákó, mo fẹ́ fi sáńpépà ha fáíbà, mo fẹ́ kun ọ̀dà tó ń rùn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá la ikùn, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kéèyàn má gbé ohun tó ju kílò 4 tàbí 5 lọ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Korobá omi lítà 10 kò sí nínú rẹ̀, kílò 10 nìyẹn. Awọ lè ti pa dé lókè kí ẹran tó wà nísàlẹ̀ tó so pọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá kánjú gbẹ́rù, ìfun lè gba ibẹ̀ yọ sábẹ́ awọ, kó tún di iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Tí oògùn ìrora bá ń kùn yín lóorun, ẹ má fọwọ́ kan dírílì tàbí ayùn oníná. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ìṣó kékeré tó bá ha á lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á pẹ́ kó tó dá. Ẹ má sì jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan ẹsẹ̀. Yíyí ọkọ̀ ká tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, ìrìn tí dókítà ní kí n máa rìn ni.

Ojú abẹ tó bá pọ́n, tó wú, tó ń ṣọyún, tàbí ibà, tàbí ẹsẹ̀ kan tó ṣàdédé wú, tàbí èémí tó ń há: ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilé ìwòsàn yá, lọ́jọ́ náà gan-an.

Oṣù àkọ́kọ́: páálí, bíírò àti téèpù

Ẹ ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé ọkọ̀ náà sórí búlọ́ọ̀kù, kó má fara kanlẹ̀. Ikán ni mo ń sá fún. Ìgbà tí a gbé tèmi ni a rí i pé wọ́n ti gba abẹ́ ihò tí omi ń gbà jáde wọlé. Igi tó gbé ìjókòó ẹ̀yìn ró, wọ́n ti jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó ku ọ̀dà tó bò ó lójú. Mo fi ìka kan án, ìka mi wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọnú rẹ̀, kí wọ́n tú wáyà bátìrì, kí wọ́n gbé táǹkì epo jáde, kí wọ́n sì ṣí gbogbo ìdérí fún wákàtí bíi mélòó kan. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọ̀gún sí, iná pínńṣín ló sì ń wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló tú ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì. Èmi jókòó lábẹ́ máńgòrò, mò ń fi fóònù ya fọ́tò ohun kọ̀ọ̀kan kó tó tú u, mo sì ń kó súkúrúù ibi kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀, mo ń kọ orúkọ sí i lára. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá da gbogbo súkúrúù sínú agolo mílíìkì kan ṣoṣo á wá mi wá.

Láti mọ ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti rà, ẹ fi ọ̀pá kàn án láti ìta, ẹ kò ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tó bá dún kó-kó-kó ṣì le. Ibi tó bá dún bùù, kí olùrànlọ́wọ́ yín fi ẹnu sikurudíráífà gún un wò. Tèmi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ náà ló dún bùù.

Páálí ni kí ẹ fi mú ìwọ̀n, kì í ṣe téèpù nìkan, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kò tọ́ níbì kankan. Kí ọmọ gbé páálí sójú ibẹ̀, kó fà á, kẹ́ ẹ jókòó fi sísọ́ọ̀sì gé e, kó tún lọ dán an wò títí tí kò fi ní sí àlàfo. Ẹ wá kọ "òkè", "iwájú" àti "ọ̀tún" sí ojú rẹ̀. Mo gbàgbé láti kọ ọ́ sí ọ̀kan, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ gé pláíwúùdù odindi, ó di ti apá òsì, bẹ́ẹ̀ apá òsì ti ní tirẹ̀.

Pákó tí a sè

Ní ọjà pákó Bódìjà, tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ pláíwúùdù ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lè gbé marine board fún yín, èyí tí ojú rẹ̀ dúdú tó ń dán, tí àwọn bíríkìlà fi ń dá kọnkéré. Rẹ́síìnì, ìyẹn gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n fi ń ṣe fáíbà, kì í lẹ̀ mọ́ ojú dídán yẹn. Pláíwúùdù tí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò bẹ̀rù omi lẹ ń wá, mìlímítà 12 fún ilẹ̀. Mo tọrọ ìgékù oríṣi méjì, mo kó wọn sínú ìkòkò àtijọ́, mo sè wọ́n fún wákàtí kan.

"Dádì, iṣu wo lẹ̀ ń sè láàárọ̀ yìí?" Ìyàwó mi ló béèrè. Ó ṣí ìkòkò, ó tún dé e, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Ọ̀kan là bí ìwé tó bọ́ sómi, èkejì kò mira. Èkejì la rà.

Iṣẹ́ tí kì í ṣe tiyín

Sáńpépà àti rẹ́síìnì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbé àga sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ha fáíbà, kí n lè máa dárí iṣẹ́. Ìbòmú wà lẹ́nu ọmọ, kò sí lẹ́nu ọ̀gá. Mo sín lẹ́ẹ̀kan péré. Ó dà bí ẹni pé gbogbo òwú tí wọ́n fi rán mi já lẹ́ẹ̀kan náà. Kò já, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìrọ̀rí kékeré kan kì í ti í jìnnà sí mi. Tí ikọ́ tàbí sísín bá ń bọ̀, màá fi di ikùn mú gírígírí.

Ẹ kọ ìlànà rẹ́síìnì sórí páálí fún ẹni tó máa pò ó. Fún lítà kan, mìlílítà 10 sí 20 catalyst, oògùn tó ń mú kí rẹ́síìnì le, ló tó. Tí oòrùn bá mú, kó má kọjá 10. Tí rẹ́síìnì náà bá ń fẹ́ accelerator, oògùn tó ń mú kó tètè le, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ pò mọ́ ọn délẹ̀ kí catalyst tó dé. Kí àwọn méjèèjì má pàdé lásán láé, wọ́n lè bú gbàmù. Catalyst tó bá sì ta séèyàn lójú lè fọ́ ọ lójú. Etí pákó tí wọ́n gé ni kí wọ́n fi rẹ́síìnì rẹ jù, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé. Ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Pákó tó ṣì tutù nínú, ẹ kàn ń dé omi mọ́ ọn ni.

Wáyà àti ìjókòó

Rewáyà mọ́tò láti Gate lè ṣe wáyà rẹ̀, tí ẹ bá dúró tì í. Wáyà bàbà tí ojú rẹ̀ funfun bí fàdákà ni kó lò, kó fi fíúùsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kó má sì so wáyà pọ̀ sísàlẹ̀ ibi tí omi ń dúró sí.

Ìjókòó ni mo gbádùn jù. Ọ̀bẹ búrẹ́dì tó mú ni mo fi gé fóòmù, mo fi ọ̀rá wé e, mo mú lẹ́dà lọ fún àwọn tó ń rán ìjókòó mọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n lo òwú pólísítà, òwú lásán á jẹrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí pákó abẹ́ ìjókòó kó lè máa mí, àìṣe bẹ́ẹ̀ á bu. Kí súkúrúù má sì dógùn-ún, mágnẹ́ẹ̀tì inú rédíò tó bàjẹ́ ni mo fi yẹ̀ wọ́n wò: èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn gírígírí, irin lásán ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹtàlá la parí, dókítà sì ti ní mo lè gun ọkọ̀ nígbà náà. Kó tó di odò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi da korobá omi méjì sí iwájú ọkọ̀, èmi mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ibi méjì ni omi ti dúró tí kò ṣàn, mo fa ìlà yí wọn ká kí wọ́n lè tún un ṣe. Ìyókù ṣàn gba ihò ẹ̀yìn jáde sára ẹsẹ̀ máńgòrò. Èdídí ihò náà, mo fi okùn so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má baà tan ẹ́ńjìnnì láìtíì fọwọ́ kàn án.